Ohun Tí Bàbá Inú Eré Ọjọ́bọ̀ Wí

Ẹni tó ń dá gbé kì í wo tẹlifíṣàn nítorí eré. Ó ń tàn án kí ohùn èèyàn lè wà nínú ilé. Káfíńtà mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí bó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó bọ́ bàtà, kó tó bu omi sẹ́nu, tẹlifíṣàn ló máa ń kọ́kọ́ tàn. Yàrá rẹ̀ kò tóbi. Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tábìlì kan àti àga méjì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Láti ọjọ́ tó ti kan àga kejì yẹn, kò tíì sí èèyàn tó jókòó lé e. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń jókòó níbẹ̀.

Kò sí eré tí kì í wò, kò sì sí èyí tí kò ní ẹjọ́ rò lé lórí. Lọ́dún yẹn, eré mẹ́ta ni gbogbo ilé alájà tí Káfíńtà ń gbé kò jẹ́ fi ṣeré. Lọ́jọ́ Ajé, “Wọ́ọ̀dù Keje” ni, níbi tí àwọn dókítà ti ń fẹ́ra wọn ju bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, “Àpọ́n Mẹ́rin, Ìkòkò Kan” ni, eré ẹ̀fẹ̀. Bó bá wá di Ọjọ́bọ̀, “Afárá Kejì” dé nìyẹn, èyí tó ń pa àgbàlagbà lẹ́kún. Káfíńtà ní ẹ̀rín tí wọ́n ń tẹ̀ sábẹ́ eré àwọn àpọ́n yẹn, ẹ̀rín àtijọ́ tí wọ́n ti ká sílẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí òmíràn nínú àwọn tó rín in ti kú. Ó ní ilẹ̀kùn ilé tó wà nínú Afárá Kejì, páálí ni, nítorí bí ẹnì kan bá ti fi ìbínú tì í, gbogbo ògiri a mì tìtì. Ọ̀rọ̀ gidi ni gbogbo ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún? Aṣọ tó wà lórí àga kejì kò ní ẹnu.

Wọ́n ní ògiri létí. Ògiri ilé yẹn ní ẹnu pẹ̀lú. Obìnrin kan ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé ti Káfíńtà, òun àti bàbá rẹ̀. Bàbá náà ti fi ọjọ́ orí rẹ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta, òkúta sì ti gba etí rẹ̀ lọ. Wọ́n ra ohun tí wọ́n ń fi sétí fún un, ó ní ó ń súfèé sí òun lágbárí, ó jù ú sínú àpótí aṣọ. Etí òsì nìkan ló kù díẹ̀, ohùn tó sì ń wọ ibẹ̀ dáadáa ni ohùn ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ a jókòó sí apá òsì, a gbé ẹnu lé etí bàbá, a sì máa kígbe gbogbo ohun tí àwọn tó wà nínú tẹlifíṣàn ń sọ, ọ̀rọ̀ ọkùnrin, ọ̀rọ̀ obìnrin, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ẹnu kan ṣoṣo ló ń sọ gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ilé fi ń pè é ní Gbohùngbohùn. Bàbá náà sì ní àṣà kan. Ohun tó bá gbọ́, yóò tún un sọ bí ìbéèrè, kó lè dá a lójú pé òun gbọ́ ọ dáadáa.

“Ó ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́!” ni ọmọ yóò kígbe.

“Ó ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́?” ni bàbá yóò dá a lóhùn.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá!”

Lákọ̀ọ́kọ́, inú ń bí Káfíńtà. Eré kan, ohùn méjì, etí wo ló gbà á? Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀kan nínú àwọn àpọ́n mẹ́rin yẹn tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní, “Iyọ̀ yìí pọ̀ jù.” Ẹ̀rín àtijọ́ bú jáde lábẹ́ eré. Káfíńtà kò tilẹ̀ ṣí eyín. Àfi bí Gbohùngbohùn ṣe kígbe lẹ́yìn ògiri pé, “Ó ní òkun gan-an á tọrọ omi mu tó bá tọ́ ọbẹ̀ yìí wò!” Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Káfíńtà náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán ló tó yé e pé irọ́ ni obìnrin yìí ń pa, irọ́ rẹ̀ sì dùn ju eré lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pa ohùn tẹlifíṣàn tirẹ̀. Ẹnu àwọn òṣèré á máa lọ lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn á máa ti inú ògiri wá. Bó bá di ọ̀sán Àìkú tí wọ́n máa ń tún eré ọ̀sẹ̀ ṣe, a ṣí ohùn rẹ̀, kó lè mọ ibi tí òótọ́ parí sí àti ibi tí irọ́ ti gbà á. Ó ti pẹ́ gan-an tí òun àti ẹlòmíì ti jọ rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Kó má baà dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, ó ń fi ìrọ̀rí bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti máa ń pàdé lórí àtẹ̀gùn. Ẹ káàárọ̀, ẹ káàárọ̀, ó parí. Ilé alágbàfọ̀ tó wà ní ìkángun òpópónà ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí gọ́ọ̀mù sì dà sí kóòtù kan ṣoṣo tí Káfíńtà fi ń jáde, ibẹ̀ ló gbé e lọ. Gbohùngbohùn gbà á, ó fi èékánná họ ibi tó gan. Ohùn rẹ̀ kéré bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó sùn, nítorí ọ̀rọ̀ aláriwo ti tán nínú rẹ̀ láti àná.

“Ẹ ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ sì ti bà á jẹ́ nìyẹn. Màá gbìyànjú.”

Ó yẹ kí Káfíńtà dúpẹ́ kó máa lọ. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ má bínú. Ṣé òkun gan-an á tọrọ omi mu lóòótọ́?”

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí kóòtù. “Kí lẹ wí?”

“Àpọ́n tó tọ́ ọbẹ̀ wò. Iyọ̀ pọ̀ jù lòun sọ. Ẹ̀yin lẹ sọ èyí tó kù.”

“Mo gbé! Ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn ògiri yẹn? Gbogbo rẹ̀ lẹ̀ ń gbọ́?”

“Ògiri yẹn, páálí inú eré sàn jù ú lọ.”

Ojú ti Gbohùngbohùn débi pé ó fi kóòtù bojú. Nígbà tó gbé e kúrò, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí àwọn tó ń lọ aṣọ má baà gbọ́. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Bàbá. Ẹ̀fẹ̀ wọn ò dùn. Tí mo bá sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kò ní rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn nìkan ni mo fi ń mọ̀ pé ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi.”

“Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Mo ti pa ohùn tẹlifíṣàn tèmi nítorí yín.”

Ó wo Káfíńtà fún ìgbà díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò ní ohùn nínú, ṣùgbọ́n Káfíńtà gbé e dání délé.

Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé tí aṣọ Káfíńtà kì í dọ̀tí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, onídìrí tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí ọwọ́ rẹ̀ kì í ti í sinmi, bi í léèrè pé, “Ìgbà wo lo di ọmọ ọba tí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì rẹ ò lè pé ọ̀sẹ̀?” Ìdí aṣọ ni òun àti Gbohùngbohùn ti ń jà nípa eré. Gbohùngbohùn kò lè fara da Wọ́ọ̀dù Keje. “Dókítà yẹn, ṣebí ẹ̀jẹ̀ ta sí i láti ọrùn dé ẹsẹ̀? Lọ́jọ́ kejì, aṣọ ti funfun báyìí. Ta ló fọ̀ ọ́? Ẹ̀jẹ̀ kì í lọ bẹ́ẹ̀ o!” Káfíńtà á ní ẹ fi ti dókítà sílẹ̀, ẹ wo bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gbé aláìsàn lé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń dúró de aṣọ lẹ́yìn á kanra.

Lórí Afárá Kejì nìkan ni ohùn wọn kò ti í ṣọ̀kan. Eré náà dá lórí bàbá arúgbó kan tó ń ṣọ́ afárá àtijọ́, àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀. Ọkùnrin tó wá kọ́ afárá tuntun fẹ́ràn ọmọ náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti fẹ́ parí, yóò máa lọ.

“Ó yẹ kó tẹ̀ lé ọkùnrin yẹn,” ni Káfíńtà wí.

“Ó rọrùn lẹ́nu yín. Ta ni yóò máa gbé omi fún bàbá?”

Káfíńtà ka owó sórí tábìlì. Ó gba aṣọ rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn lọ. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé òun fẹ́ràn obìnrin yìí, nítorí ọ̀rọ̀ inú eré lásán ló ń dùn ún láyà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ibi tí Káfíńtà ti ń ṣiṣẹ́ ní òun ń kó gbogbo iṣẹ́ lọ sí ìlú kan lókè odò, ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun kó tẹ̀ lé òun kí òjò tó dá. Káfíńtà gba ilé alágbàfọ̀ lọ láìmú aṣọ kankan dání. Gbohùngbohùn rí ọwọ́ rẹ̀ lófìfo, ó gbé irin ìlọṣọ sílẹ̀.

“Mò ń kó lọ,” ni Káfíńtà wí. Ó sọ ibi tí ó ń lọ fún un. Ó wá ń fi ìka họ tábìlì. “Àga méjì ni mo ní. Mo ti gbé aṣọ kúrò lórí ìkejì.”

Obìnrin náà wo ilẹ̀. Eruku igi wà lórí bàtà Káfíńtà, òun ló ń wò. “Ṣé ohun tí mo rò lẹ̀ ń sọ?”

“Òun ni. Wá bá mi gbé.”

“Bàbá kò ní kúrò nínú ilé yẹn,” ni ó wí. “Ẹ jẹ́ kí n ronú.”

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Afárá Kejì gbé ọ̀rọ̀ dé ojú rẹ̀. Káfíńtà jókòó, ó pa ohùn bí ìṣe rẹ̀. Bàbá arúgbó inú eré di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ọmọ bú sẹ́kún. Lẹ́yìn ògiri, Bàbá na etí òsì sí ọmọ rẹ̀.

“Kí ló wí?” ni Bàbá bi í.

“Ó ní, dúró tì mí, ọmọ mi! Ó ní òun ò ní ẹlòmíì!”

“Dúró tì mí?” Bàbá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. “Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn! Bàbá tó mọ nǹkan nìyẹn!”

Lọ́sàn-án Àìkú, Káfíńtà ṣí ohùn. Bàbá arúgbó inú eré di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, “Dìde, ọmọ mi, máa lọ. Mo ti lo ayé tèmi. Lọ lo tìrẹ.”

Káfíńtà jókòó síbẹ̀ títí eré mìíràn fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró de Gbohùngbohùn lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀. “Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́?”

“Ẹnu mi ò gbà á,” ni obìnrin náà wí. “Tí mo bá kígbe ọ̀rọ̀ yẹn sí i létí, ó máa rò pé èmi ni mò ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n lọ.”

“Ṣé kì í ṣe pé ò ń bẹ̀ ẹ́ ni?”

“Mò ń bẹ̀ ẹ́. Ìdí tí mi ò fi lè sọ ọ́ nìyẹn.”

Káfíńtà bá a rìn dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó ní, “Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi lọ bá a. Alárinà kì í tijú.”

Lóòótọ́, onídìrí kì í tijú. Ó wọ aṣọ tó dára jù, ó kó ọ̀rọ̀ dídùn jọ láti ilé, ó wọlé tọ Bàbá lọ. Kò tíì ju gbólóhùn méjì lọ tó fi rí i pé Bàbá kò gbọ́ nǹkan kan. Àfi kí ọmọ rẹ̀ bá a kígbe rẹ̀. Bí Gbohùngbohùn ṣe di alárinà ara rẹ̀ nìyẹn. Káfíńtà wà lẹ́yìn ògiri, ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì.

“Ó ní àbúrò òun fẹ́ fẹ́ mi!”

“Àbúrò òun fẹ́ fẹ́ ọ?” Ní gbogbo orí àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀. “Àbúrò rẹ̀ wo?”

“Káfíńtà! Ara yàrá kejì!”

“Èyí tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn?”

“Ó ń sọ̀rọ̀, Bàbá!”

“Báwo lo ṣe mọ̀?”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí àtẹ̀gùn. Gbohùngbohùn kò dáhùn èyí. Ṣùgbọ́n kò fi ìyókù pa mọ́. Ó kígbe pé ọkùnrin náà ń kó lọ sókè odò, ó kígbe pé Bàbá lè bá wọn lọ.

“Kí n bá wọn lọ? Kí n lọ kú síbi tí mi ò mọ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wọn? Rárá! Tí ọmọ mi bá sì lọ, ta ni yóò jẹ́ etí fún mi?” Ohùn Bàbá gbọ̀n, ó tún le. “Ṣé ẹ kì í wo Afárá Kejì ni? Àgbà bíi tèmi ni bàbá yẹn. Kí ló sọ fún ọmọ rẹ̀? Ó ní dúró tì mí! Ọmọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí di òní!”

Òótọ́ ni pé ó wà níbẹ̀. Eré irú ìyẹn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè ṣe ohun tó fẹ́ ṣe, ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ ni ọmọ náà ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà.

“Háà, Bàbá!” Onídìrí dìde. Òun náà kì í pàdánù eré Ọjọ́bọ̀. “Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló sọ! Ó ní dìde, máa lọ ni! Bí mo ṣe ń dìrí lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ọ!”

“Kí ló wí?” Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Kí ni ìyá yìí wí?”

Gbohùngbohùn wo onídìrí. Ó wo bàbá rẹ̀. Ó gbé ẹnu lé etí òsì.

“Ó ní ó dàbọ̀, Bàbá.”

Onídìrí já wọ yàrá àbúrò rẹ̀ tìbínútìbínú. “O gbọ́ ọ àbí o ò gbọ́ ọ? Mo sọ òótọ́, kò bá mi sọ ọ́! Ọmọ yẹn fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ra!” Nígbà tó rí ojú àbúrò rẹ̀, ó rọra jókòó sórí àga kejì. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó lórí rẹ̀. “Ìwọ náà fi sílẹ̀. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a.”

“Ogún ọdún kọ́ ni mo ní, ẹ̀gbọ́n mi. Òjò ti fẹ́ dá.”

Lẹ́yìn èyí, bí Káfíńtà bá dé ilé alágbàfọ̀, ẹlòmíì ló ń gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbohùngbohùn ti wọ ẹ̀yìn lọ sídìí irin. Káfíńtà padà ṣí ohùn tẹlifíṣàn rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo eré ti tẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Dókítà kò dùn, àpọ́n kò dùn. Ohun tó burú jù ni pé ó ṣì ń gbọ́ tẹ̀yìn ògiri.

“Ó ní iyọ̀ pọ̀ jù!”

“Iyọ̀ pọ̀ jù?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá!”

Kò sí ẹ̀rín lẹ́yìn rẹ̀. Gbohùngbohùn ti dẹ́kun irọ́. Bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ nínú eré ló ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀, bí ẹni ń ka ọjà. Arúgbó náà ń tún un sọ, ó ń dákẹ́, ilé á wá dákẹ́ bí ilé tí kò léèyàn. Káfíńtà á fi ìrọ̀rí bo etí. Kò tíì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn mẹ́ta lè dá wà lẹ́ẹ̀kan náà nínú yàrá méjì.

Wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀kan lórí àtẹ̀gùn. Obìnrin náà gbé búrẹ́dì dání.

“Ẹ ti di ẹrù?”

“Ó ku díẹ̀.”

“Àga yín ńkọ́?”

“Méjèèjì ń lọ.”

Ó mi orí, ó yà fún un. Káfíńtà sọ̀kalẹ̀ títí dé ìta kó tó rántí pé òkè ni òun ń lọ tẹ́lẹ̀.

Alẹ́ tí Afárá Kejì yóò parí, ẹrù ti wà nínú páálí, tẹlifíṣàn nìkan ló kù. Káfíńtà tàn án. Ó wo bọ́tìnnì ohùn, ó wò ó, ó wá pa ohùn náà. Ó ní bí òun yóò bá gbọ́ ìparí eré yìí, ẹnu ẹni tí òun fẹ́ ni òun yóò ti gbọ́ ọ.

Lójú tẹlifíṣàn, ọkọ̀ ọkùnrin tó kọ́ afárá tuntun ń dúró. Ọmọbìnrin gbé àpò, ó wọlé tọ bàbá rẹ̀ lọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Arúgbó náà la ẹnu. Káfíńtà fi orí ti ògiri. Kò gbọ́ nǹkan kan.

“Kí ló wí?” ni Bàbá bi í. “Ọmọ yìí, kí ló wí? Ó ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́!”

“Mi ò mọ̀, Bàbá! Mi ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́! Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ báyìí, kì í ṣe tẹlifíṣàn!”

“Ìwọ lò ń sọ̀rọ̀?”

“Èmi ni! Mo parọ́ fún yín! Bàbá yẹn ò sọ pé kó dúró! Èmi ni mo fi í sí i lẹ́nu! Ẹ̀rù bà mí kí ẹ má baà rò pé ó ti rẹ̀ mí láti tọ́jú yín! Mo fẹ́ràn yín, Bàbá, mo sì fẹ́ ọkùnrin yẹn! Mi ò mọ bí mo ṣe máa pín ara mi sí méjì! Tó bá lọ, màá máa kígbe ọ̀rọ̀ ẹlòmíì títí tí ohùn mi á fi tán, mi ò sì ní sọ tèmi láyé!”

Gbogbo ilé gbọ́ ọ. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ gbọ́ ọ, ẹni tó wà lókè pátápátá gbọ́ ọ. Káfíńtà ń dúró kí Bàbá tún un sọ bí ìṣe rẹ̀. Bàbá kò tún un sọ.

Lẹ́yìn náà, Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ògiri. Gbà, gbà, gbà.

Nígbà tí Káfíńtà wọ yàrá wọn, Bàbá jókòó lórí àga rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lórí orúnkún, ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀ lápá òsì, ó fi orí ti apá àga náà. Eré ti parí. Orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè lọ lójú tẹlifíṣàn.

“Ìwọ,” ni Bàbá wí, “o máa ń wo eré yìí?”

Káfíńtà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“O gbọ́ ọ̀rọ̀ tí bàbá yẹn sọ lọ́jọ́ tó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú? Wá sọ ọ́ fún mi. Má wo ojú ọmọ mi. Èmi ni kí o wò.”

Káfíńtà kúnlẹ̀ sí apá òsì. Ó sọ ọ́.

“Mi ò gbọ́.”

Ó ti pẹ́ tí Káfíńtà ti gbé ohùn sókè sí ẹnikẹ́ni. Ó fa èémí sínú, ó kígbe títí ọ̀fun rẹ̀ fi dùn ún. “Ó ní, dìde, ọmọ mi, máa lọ! Mo ti lo ayé tèmi! Lọ lo tìrẹ!”

Bàbá gbọ́. Ó sì ṣe bó ti máa ń ṣe. “Dìde, ọmọ mi, máa lọ?” ni ó bi í.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá!”

Arúgbó náà wo tẹlifíṣàn, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wá bojú wo ọmọ tó wà nílẹ̀. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́ẹ̀kejì, ó rọra sọ ọ́, kò sì sí ìbéèrè nínú rẹ̀ mọ́.

“Dìde, ọmọ mi. Máa lọ.”

Gbohùngbohùn kò dìde. Ó gbé orí lé orúnkún bàbá rẹ̀, ó ń sunkún, ẹkún náà kò sì ní ariwo. Káfíńtà kò mọ ibi tí òun yóò gbé ọwọ́ sí. Nígbà tó ṣe, Bàbá nu ojú rẹ̀.

“Báwo ló ṣe wá parí?”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ọ̀kan kò fetí sí i, èkejì ti pa ohùn tirẹ̀.

“A ò mọ̀, Bàbá!” ni Gbohùngbohùn kígbe.

“Ẹ ò mọ̀?”

“Wọ́n á tún un ṣe lọ́sàn-án Àìkú!”

“Kẹ́ ẹ jọ wá sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ náà. Òótọ́ rẹ̀ ni o.” Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀. “Ṣùgbọ́n eré àwọn àpọ́n yẹn, máa bá irọ́ rẹ lọ. Òótọ́ ibẹ̀ ò dùn rárá.”

“Bàbá! Ẹ mọ̀?”

“Mo dití ni, mi ò fọ́jú. Bí àwọn àpọ́n yẹn ṣe ń ṣe ojú lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọn, ojú ẹni tó sọ nǹkan tó dùn kọ́.”

Lọ́sàn-án Àìkú, wọ́n gbọ́ ìparí eré. Ọmọ náà gun ọkọ̀, ó lọ, wọn kò sì fi hàn bóyá ó padà wá wo bàbá rẹ̀. Káfíńtà ní ìparí tí kò dáa ni, ẹni tó kọ ọ́ kò ní bàbá. Gbohùngbohùn kò bá a jiyàn. Ó kígbe gbogbo rẹ̀ sétí òsì, kò fi ohun kan kún un, kò yọ ohun kan kúrò.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn láìpariwo, ọkọ̀ ẹrù sì dé kí òjò tó dá. Àga kan ṣoṣo ni Káfíńtà gbé sínú rẹ̀. Ó gbé ìkejì wọ yàrá Bàbá, ó fi pákó pẹlẹbẹ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà mì, ó sì gbé e sí apá òsì. Onídìrí ti ṣèlérí pé òun yóò máa gbé omi fún un, pé òun yóò sì máa wá jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ohùn rẹ̀ kò wọ etí náà dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ irọ́ í pa. Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ náà gbéra. Nígbà tí wọ́n ń kọjá lábẹ́ fèrèsé, tẹlifíṣàn Bàbá ń sọ̀rọ̀ lókè, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré tuntun, Gbohùngbohùn sì yọ orí síta láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.